Torquil Ké Olè Lórí Ọkọ̀ Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pààrọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe gbogbo ẹni tó tẹ́ ló pànìyàn. Torquil Geddes kò pànìyàn. Kò gba ìyàwó oníyàwó, kò sì kó owó ìjọ jẹ. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ba ara rẹ̀ jẹ́, ọkọ̀ kékeré tí ènìyàn kan ṣoṣo ń jókòó sínú rẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ olójú méjì tù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ó bá wọ ilé ọtí Port Ardal, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Scotland, ńṣe ni àwọn èèyàn máa ń wo ife wọn.

Ọkọ̀ náà ń jẹ́ Ròn Mòr. Ajá òkun ńlá ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí ní èdè àwọn baba wọn, orúkọ náà sì bá a mu. Àwọn ọkọ̀ irú rẹ̀ tí ẹ ń rí káàkiri òkun, tín-ín-rín ni wọ́n, ẹni tí ìdí rẹ̀ bá tóbi díẹ̀ kò ní ibi tó máa gbà wọlé. Ròn Mòr kò rí bẹ́ẹ̀. O lè sanra bí àgbá, wàá jókòó dáadáa, wàá ká eékún rẹ sókè, wàá ki àgọ́ àti aṣọ àti oúnjẹ bọ inú rẹ̀, àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Bàbá kan ló ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ kékeré kan. Bàbá náà darúgbó, ó ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Àtìgbà tí wọn kò ṣe é mọ́ ni orí àwọn tó ní in ti dàrú.

Mo ní orí wọn dàrú. Àgbà tó ní ilé, tó ní ọmọ ọmọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n á to àwọn ọkọ̀ wọn sórí iyanrìn ní Port Ardal, wọ́n á máa gbá wọn nídìí bí ẹni gbá màlúù tó gba ẹ̀bùn.

"Tèmi ti yí erékùṣù Mull po."

"Tèmi gbé èmi, ajá mi, àti ẹja kan tó gùn ju ajá lọ."

Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́, ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Bí ọkọ̀ tín-ín-rín kan bá sì gba ojú omi kọjá, wọ́n á gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ta ló sọ pákò sómi?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fọwọ́ gbá itan.

Torquil ni alága wọn. Ọkùnrin gíga ni, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ikùn. Òun ló ṣe òfin pé ẹni tó bá gbé Ròn Mòr rẹ̀ fún ará ìta, tó lọ wọ inú ọkọ̀ mìíràn, ó ti jáde nínú ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ishbel Catanach ni òfin yẹn kọ́kọ́ já lé lórí. Ishbel ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀rẹ́ Torquil ni, ọ̀rẹ́ ojú omi. Bí ìjì bá ká wọn mọ́ erékùṣù, àgọ́ kan náà ni òun, Torquil àti Peigi ìyàwó Torquil máa ń sá sí. Nígbà tí ìyá Torquil kú, Ishbel ló bọ́ gbogbo àwọn tó wá síbi ìsìnkú. Ṣùgbọ́n èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ròn Mòr gbòòrò, ó sì wúwo, kò lè gbé e láti ilé dé etí omi mọ́. Ó gbé e fún ará Edinburgh kan, ó sì ra ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò wúwo. Kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Ó gbé e wá síbi ìpàdé.

Torquil wò ó. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ishbel, kí lo gbé wá síbí?"

"Ọkọ̀ ni, Torquil. Ojú ẹ ò fọ́."

"Ọkọ̀ bí ti báwo? Pákò lèyí. Ṣé o fẹ́ fi fọ ẹnu ni?"

"Èjìká mi ò gbé tọ̀ún mọ́. Dókítà ní kí n má gbé ẹrù wúwo."

"Dókítà ló ní kó o ta ìyá ẹ, kó o wá lọ máa bá ìyàwó bàbá gbé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni. Ishbel mú ife tíì lọ́wọ́, kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Ọkọ̀ ni mo pààrọ̀," ó ní. "Mi ò pààrọ̀ yín."

Ó da tíì náà sórí iyanrìn, ó gbé pákò rẹ̀, ó lọ.

Ọdún yẹn kò tíì yí po tí Verity Sandlands fi dé. Obìnrin ará England ni, ó ra ilé àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté. Ọkọ̀ tirẹ̀ pupa bí ata, ó sì mú ní orí bí ọ̀kọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Torquil ń tu Ròn Mòr rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú omi, Verity sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n so Torquil mọ́lẹ̀. Ó yí padà, ó wá bá a.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú o, ọkọ̀ yín yìí jọ ọpọ́n ìwẹ̀."

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, àjẹ̀ ni Torquil ìbá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n Verity ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun.

"Pẹ̀lú èjìká tẹ́ ẹ ní yìí," Verity ní, "tó bá jẹ́ irú tèmi lẹ wà nínú ẹ̀, ta ló máa bá yín?"

Ẹ wo ohun tó ń pa ọkùnrin! Kò fún un lówó, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì fi ara rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó yìn ín léjìká, ó parí. Nígbà tí Torquil délé, ó dúró níwájú dígí, ó ń yí ẹ̀gbẹ́ síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún.

Peigi kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ.

"Kí lò ń wá nínú dígí? Ṣé nǹkan bọ́ sí ẹ lójú ni?"

"Ṣé ọkùnrin ò lè wo ara ẹ̀ ni?"

"Ó lè wò ó. Kó ṣáà má pẹ́, ọbẹ̀ ń tutù."

Verity àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ tukọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù tó jìnnà, níbi tí ìgbì ti ń ga. Ó sọ fún Torquil pé bí ó bá rí ọkọ̀ tó yá, kó bá wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, Ròn Mòr kò dùn ún tù mọ́. Ó gbọ́ omi tó ń dún lábẹ́ rẹ̀, ó ní ó ń dún bí màlúù tó ń mumi. Ọkọ̀ tó ti ń yìn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀!

Àsìkò yẹn ló gbọ́ nípa Balfour Inglis. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Balfour, ní Perth, ó sì tóbi ju Torquil gan-an lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ọkọ̀ tín-ín-rín titun dá a lọ́lá, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ inú rẹ̀. Ó wá ń bẹ gbogbo ayé lórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí ẹni tó bá ní Ròn Mòr jọ̀wọ́ wá bá òun pààrọ̀.

Wọ́n pàdé ní ilé epo kan ní Inverness, lọ́sàn-án gangan. Balfour fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí. Omi lé sí i lójú.

"Ṣé ó dá yín lójú, ọ̀gbẹ́ni?" ó bi í. "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ kì í fi í sílẹ̀."

"Ike lásán ni," Torquil ní.

"Wọ́n ní ẹ ní ẹgbẹ́. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́?"

"Ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká."

Bẹ́ẹ̀ ni alága wí, láìrẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọkọ̀ titun náà lọ sínú àká tó wà lẹ́yìn ilé Verity, ó da tapólì bò ó, ó sọ fún Verity pé òun rà á ni, ó sì darí sílé. Ó ti ronú ohun tó máa sọ fún Peigi. Ó fẹ́ rọra bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ sọ nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Peigi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ibi tí Ròn Mòr máa ń wà.

"Torquil! Ọkọ̀ ẹ dà?"

Ó la ẹnu. Òtítọ́ wà níbẹ̀, kò jìnnà. Ohun tó jáde ni, "Wọ́n ti jí i!"

Peigi ò mọ irọ́ pa, ìdí nìyẹn tí kì í fi í mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá pa á fún un. Kí Torquil tó bọ́ bàtà, Peigi ti pe ọlọ́pàá, ó sì ti pe gbogbo ẹgbẹ́. Ọlọ́pàá dé, ó bi Torquil ìgbà tó rí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn. Torquil ní lánàá ni. Irọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ti di ti ìjọba.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́! Bí ọmọ ni ó sọ nù, wọn ò lè wá a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wa mọ́tò já gbogbo ọ̀nà etíkun. Wọ́n tukọ̀ wọ gbogbo ihò àpáta. Peigi se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, ọbẹ̀ ẹja àti ànàmọ́, ó ń bù ú fún wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Torquil jókòó láàárín ilé, wọ́n ń kí i bí ẹni tó ṣòfò, ó sì ń jẹ́ "ẹ ṣé."

"Ta ló lè ṣe irú èyí?" ọ̀kan bi í.

"Ẹni tó bá kórìíra wa ni," ìkejì ní.

Ẹnì kan wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ishbel."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Torquil. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Ó lè ní, "Ishbel kọ́." Ó mọ̀ pé kì í ṣe Ishbel! Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀, ó ní:

"Mi ò fẹ́ dárúkọ ẹnì kankan o."

Ọ̀rọ̀ yìí, òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tó ṣe, nítorí ẹni tó bá dárúkọ èèyàn, a lè bi í léèrè ẹ̀rí.

Ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá wà nínú àká Ishbel, ó ń gbé àpò ànàmọ́ sókè, ó ń wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ lè wà níbẹ̀. Ojú ń ti òun fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," Ishbel ní, "èjìká tí ò gbé ọkọ̀ tèmi, ṣé òun ló máa wá gbé ti Torquil?"

"Mo mọ̀, mà. Wọ́n ṣáà ní kí n wò ó ni."

"Ta ni wọ́n?"

Ọlọ́pàá náà tún gbé àpò ànàmọ́ mìíràn sókè.

Ọlọ́pàá kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìlú kò nílò kó rí i. Wọ́n ní ó ní àwọn tó bá a gbé e. Bí Ishbel bá wọ ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ kan béèrè nílé ìwé bóyá ó dára kí kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ishbel gbọ́ èyí fúnra rẹ̀, láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó sì ń bu oúnjẹ fún ọmọ obìnrin náà lọ́wọ́.

Kí wá ni Torquil rí gbà nínú gbogbo rẹ̀? Ó yẹ kí ẹ mọ̀.

Verity mú un lọ sí adágún kan tó jìnnà sí ìlú láti lọ dán ọkọ̀ titun wò. Torquil jókòó sí i, ìdí rẹ̀ kò wọlé. Ó mí èémí jáde, kò wọlé.

"Ẹ rọra tẹ̀ mí léjìká," ó ní.

Verity tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ariwo, bí ẹsẹ̀ àgbà tó wọ bàtà ọmọdé.

"Ṣé ẹ lè mí?"

"Díẹ̀díẹ̀."

Ó tì í sómi. Ọkọ̀ náà gbọ̀n sọ́tùn-ún, Torquil gbọ̀n sósì, wọ́n sì dorí kodò. Èyí tó burú ni pé kò lè jáde. Ó wà lábẹ́ omi tútù yẹn, ó ń tàpá, itan rẹ̀ há, bẹ́ẹ̀ ni Verity ń fa ọkọ̀ náà lọ sí etí adágún. Nígbà tó yọ orí, ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ń pọ omi.

Verity kọ́kọ́ bẹ̀rù. Nígbà tó rí i pé kò kú, ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

"Torquil, ẹ má bínú o. Ìrìn àjò yẹn... bóyá lọ́dún tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, bí Verity bá rí i ní èbúté, á juwọ́ sí i láti òkèèrè, á sì yára wọlé.

Torquil pe Balfour lórí fóònù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ padà, ó ní òun máa fi owó lé e.

"Owó kẹ̀?" Balfour ní. "Ọ̀gbẹ́ni, mo jókòó sínú ọkọ̀ yìí lánàá, mo jẹ oúnjẹ ọ̀sán nínú ẹ̀, mo sùn lọ, mo jí, mo tún jẹun. Ìyàwó mi ní kí n yan òun tàbí ọkọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ má tíì fi ipá mú mi."

"Ẹ gbà mí, Balfour."

"Ẹ má bínú. Inú ẹ̀ ni wọ́n máa sin mí sí."

Oṣù kẹjọ dé. Ẹgbẹ́ tò sórí iyanrìn, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ náà, àyè Ròn Mòr Torquil, wọ́n sì gbé òdòdó síbẹ̀. Mo ní òdòdó! Torquil dìde láti sọ̀rọ̀. Peigi wà nídìí tábìlì, ó ń gé àkàrà òyìnbó.

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi," Torquil bẹ̀rẹ̀, "ẹni tó bá jí ọkọ̀ èèyàn, ọkàn èèyàn ló jí..."

Mọ́tò kan fọn fèrè lókè ọ̀nà. Wọ́n yíjú. Ọkọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò kan wà lórí rẹ̀, ó gbòòrò bí ẹ̀wù àgbà, àlẹ̀mọ́ dúdú kan sì wà ní imú rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ àlẹ̀mọ́ yẹn níbẹ̀. Torquil ti sọ ìtàn àpáta tó lu ihò sí ibẹ̀ fún wọn tó ẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ọkùnrin bàǹtàbanta kan bọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Torquil! Ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan! Ẹ ṣe wá ní ẹgbẹ́ ti tú ká? Ẹnì kan ló sọ fún mi ní ilé epo pé ẹ máa ń pàdé. Mo ní rárá o, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Obìnrin àgbà kan nínú ẹgbẹ́ lọ fọwọ́ kan àlẹ̀mọ́ náà.

"Ọ̀gbẹ́ni, níbo lẹ ti rí ọkọ̀ yìí?"

"Lọ́wọ́ Torquil ni. A pààrọ̀ ni. Torquil, ọkọ̀ tín-ín-rín tí mo fún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbádùn ẹ̀?"

Peigi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Pààrọ̀?"

"Peigi, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Mo se ọbẹ̀," Peigi ní. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Mo se ọbẹ̀ fún gbogbo èèyàn tó ń wá nǹkan tó o fọwọ́ ara ẹ gbé fún ẹlòmíì. O jókòó, o jẹ nínú ẹ̀."

"Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ni..."

"O jẹ́ kí ọlọ́pàá wọ ilé Ishbel. Ishbel, Torquil! Ẹni tó bọ́ àwọn èèyàn níbi òkú ìyá ẹ!"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ. Torquil fẹsẹ̀ rìn délé, ikùn rẹ̀ níwájú, gbogbo wọn ń wò ó láti ẹ̀yìn.

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Torquil kò tó bẹ́ẹ̀ rìn. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ náà jù ú lọ ló gbé e padà wá bá a.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òun nìkan ni mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Kí àwọn ará ẹgbẹ́ tó rántí Ishbel, wọ́n ti fún Balfour ní tíì, wọ́n ti yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, wọ́n ń bi í bóyá ìjókòó rẹ̀ ṣì lágbára. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rán èèyàn lọ sọ́dọ̀ Ishbel pé kó padà wá, òfin ti yí padà.

"Ṣé ọlọ́pàá ló sọ fún yín pé mi ò jalè?" ó bi wọ́n.

"Rárá. A rí ọkọ̀ náà ni."

"Ẹ rí ọkọ̀. Ó dáa. Ẹ máa bá ọkọ̀ lọ."

Ọlọ́pàá bá Torquil wí gidigidi. Peigi ò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí Torquil bá sọ nǹkan fún un nísinsìnyí, ó máa ń lọ bi ẹlòmíràn kó tó gbà á gbọ́. Bí ojú ọjọ́ ṣe rí, kódà, á lọ yọjú wò ó.

Torquil lọ bá Ishbel nígbẹ̀yìn. Ó bá a ní ilé ìdáná rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ń bó ànàmọ́. Torquil dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà.

"Ishbel, mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́, mo sì dákẹ́. Ìtìjú mi ni mo ń bò, tìẹ ni mo wá fi bò ó. Mo ti sọ fún gbogbo ìlú. Mo ti lọ sọ ọ́ nílé ìwé, lójú àwọn ìyá yẹn. Jọ̀ọ́."

Ishbel bó ànàmọ́ kan tán. Ó mú òmíràn.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

"Ṣé o ti dárí jì mí nìyẹn?"

"Torquil, mo ní mo ti gbọ́."

Ó gbé abọ́ omi ànàmọ́, ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró títí Torquil fi yà fún un. Ó da omi náà sí ìdí ewébẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé padà, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.